Ketsa, Òkúta Àárín Odò Ọya: Ohun tí A Rí ní Jẹ́bà

Ìtàn ni ẹ ní kí a sọ lónìí. A kò ní kì odù kankan nínú rẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó mọ Ifá kì jù wá lọ pọ̀ níhìn-ín, wọn yóò sì rí àyè kì í kí ilẹ̀ tó ṣú.

Orúkọ méjì ni àwa ará ìlú yìí ń pè lójoojúmọ́ láì dúró rò wọ́n. Èkíní ni Ìlọrin. Àwọn kan ń sọ pé Ìlú Erin ni, ṣùgbọ́n èyí tí a ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn àgbà ni pé òkúta kan wà níbí tí àwọn ènìyàn ti ń lọ irin wọn kí ó lè mú, pé ọdẹ kan tí ń jẹ́ Òjó tẹ̀dó sí ẹ̀bá rẹ̀, àti pé láti inú "ìlọ irin" ni orúkọ ìlú ti jáde. Òkúta náà ṣì wà nínú agboolé kan ní ìlú yìí títí di òní. Orúkọ kejì ni Kwara. Nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12 ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, orúkọ mìíràn ni wọ́n kọ́kọ́ fún ìpínlẹ̀ wa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọ́ ní Kwara, orúkọ tí àwọn Haúsá ń pe odò ńlá tí ó wà ní àríwá wa. Àwọn Tápà ń pe odò kan náà ní Edu. Àwa Yorùbá ń pè é ní Odò Ọya. Ẹni tí ó bá wí pé òun ń gbé ní Ìlọrin, ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ó ti dárúkọ òkúta, ó sì ti dárúkọ Ọya.

Ibi tí òkúta àti Ọya ti kojú ara wọn ni Jẹ́bà, ìlú etí odò tí ó tó nǹkan bí 100 kìlómítà sí àríwá Ìlọrin, ní ojú ọ̀nà tí ó gba Bódè Sáàdú kọjá. Òkúta kan dúró láàárín omi níbẹ̀. Àwọn Òyìnbó ń pè é ní Juju Rock, orúkọ tí ó fi hàn pé wọn kò bèèrè púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Àwọn Tápà tí wọ́n ti ń gbé ẹ̀bá rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ń pè é ní Ketsa.

Bí a ṣe dé ìdí ọ̀rọ̀ òkúta yìí kò ju báyìí lọ. Ní ìpàdé kan lẹ́yìn ọdún tí ó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa dìde, ó fi àwòrán òkúta náà hàn wá lórí fóònù rẹ̀, ó ní Òkúta Ọya ni, ó sì dá àbá pé kí ẹgbẹ́ máa kó ara rẹ̀ lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún láti bọ Ọya. Àbá náà dùn mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n ti ń sọ iye ọkọ̀ tí a ó háyà àti irú aṣọ ẹgbẹ́ tí a ó rà. Àgbà kan ni ó bèèrè pé ta ni ó ti débẹ̀ rí nínú wa. Kò sí ẹni tí ó dáhùn. Wọ́n wá yan àwa mẹ́rin pé kí a lọ wò ó, kí a ka ohun tí a bá rí kà nípa rẹ̀, kí a sì wá jábọ̀ níwájú gbogbo ẹgbẹ́ kí a tó ná owó kankan. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni àbọ̀ náà.

Ẹni tí ó bá ti Ìlọrin lọ yóò kọ́kọ́ rí odò láti orí afárá. Odò pín sí méjì níbẹ̀, ó yí erékùṣù Jẹ́bà ká, ó sì tún pàdé. Ketsa nìkan dá dúró nínú omi, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga sókè gan-an bí ògiri, àwọn igi sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. A ti gun Olúmọ ní Abẹ́òkúta, a ti gun òkè Ìdànrè. Àwọn òkè wọ̀nyẹn jẹ́ ibi tí ènìyàn lè sá gùn, kí ó kọ́ ilé sí, kí ó gbin ẹ̀gẹ́ sí ìdí rẹ̀. Ketsa kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ibi tí ènìyàn fẹ́ tẹ̀dó sí lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró wò ó fún ìgbà díẹ̀ yóò mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láì fún un ní orúkọ.

Ìdí tí òkúta fi pọ̀ lójú odò ní àdúgbò náà kò ṣòro láti yé ni. Láti Bùsà wá dé Jẹ́bà, àárín òkúta líle ìpìlẹ̀ ilẹ̀ ni odò ń là kọjá, ó ń já láti orí òkúta dé orí òkúta, ó ń hó. Nígbà tí ó bá kọjá Jẹ́bà, ilẹ̀ yí padà di òkúta oníyanrìn tí ó rọ̀, odò wá fẹ̀, ó sì rọra ń lọ títí dé Lọ́kọ́jà. Jẹ́bà ni ẹnu ọ̀nà láàárín omi tí ó gba ọkọ̀ ńlá àti omi tí kò gbà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí gbogbo ìtàn tí ó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀bá òkúta náà, orí rẹ̀ ni ó dúró lé.

Ní ọdún 1830, Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John ti Bùsà wọ ọkọ̀ kékeré, wọ́n sì ń bá odò lọ láti mọ ibi tí ó ti ń wọ òkun. Wọ́n kọjá lẹ́bàá òkúta yìí, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí etí wọn ṣe gbọ́ ọ, Kesa. Wọ́n fojú díwọ̀n rẹ̀ pé gíga rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 ẹsẹ̀ bàtà. Ohun tí wọ́n kọ nípa ìgbàgbọ́ àwọn ará ibẹ̀ yà wá lẹ́nu nígbà tí a kà á. Wọn kò kọ ọ́ pé ẹ̀mí tí ń pa ènìyàn ni ó ń gbé inú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ará ibẹ̀ gbà pé olóore ni, pé ó ń bọ́ arìnrìn-àjò tí ebi ń pa, ó sì ń tu ẹni tí ó rẹ̀ nínú. Òyìnbó méjì tí ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa lọ́nà ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀; ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìdí nìyẹn tí ó fi wọ̀ wọ́n lọ́kàn. Síbẹ̀, àwọn tí ó dé lẹ́yìn wọn ni wọ́n sọ olóore náà di Juju.

Ọdún 27 lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tí ó kàn wá jù lọ ṣẹlẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Dayspring wọ Odò Ọya lábẹ́ William Balfour Baikie. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1857, ọkọ̀ náà kọjá Ràbà, ó ń gòkè bọ̀ ní Jẹ́bà, omi sì ń sáré láàárín àwọn òkúta. Omi gbé e, ó fi í kọlu òkúta ní àdúgbò Ketsa, ó sì fọ́. Àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ bọ́ sí èbúté, wọ́n pa àgọ́ sí etí odò, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà fún nǹkan bí ọdún kan kí ọkọ̀ mìíràn, Sunbeam, tó dé ní ọdún 1858.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ náà ni Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní ọdún 1821, tí ó padà di bíṣọ́ọ̀bù. A mọ̀ pé nínú ilé bí èyí, orúkọ rẹ̀ kì í dùn lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Àmọ́ ìtàn kò ní kí a máa yan ẹni tí a ó kà. Ọmọ Yorùbá ni, ó sì fi àkókò náà gbọ́ èdè àwọn Tápà débi pé ìwé gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ èdè wọn tí ó kọ jáde ní ọdún 1864. Ọ̀nà Ìlọrin ni òun náà gbà padà sílé ní ọdún 1859.

Ẹni kejì ni ọ̀gá inú ọkọ̀ ojú omi kan, John Hawley Glover. Nígbà tí oúnjẹ àti ohun èlò tán ní àgọ́, ẹsẹ̀ ni ó fi rìn láti Jẹ́bà lọ sí Èkó láti wá ìrànlọ́wọ́, ó sì gba Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá. Nínú ìrìn náà ni ó ti bá àwọn Haúsá tí wọ́n jẹ́ ẹrú ní ilẹ̀ Yorùbá pàdé, tí wọ́n sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí ó padà di aláṣẹ ní Èkó, irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni ó fi dá ẹgbẹ́ ológun sílẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun ilẹ̀ Nàìjíríà fúnra wọn ka ọdún 1863 sí ọdún ìbẹ̀rẹ̀ wọn nítorí ẹgbẹ́ náà. Àwọn tí ó wà ní bárékè Sóbì níhìn-ín lè má mọ̀ pé ọ̀kan nínú gbòǹgbò iṣẹ́ wọn wà níbi tí òkúta kan ti fọ́ ọkọ̀ Òyìnbó nínú Odò Ọya.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e kò gba àlàyé púpọ̀. Lugard fi Jẹ́bà ṣe olú ìlú ìjọba rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó kó lọ sí Zungeru ní ọdún 1902. Ojú irin rélùwéè tí ó ti Èkó wá dé Ìlọrin ní ọdún 1908, ó dé Jẹ́bà ní ọdún 1909, wọ́n sì parí afárá tí ó gbé e kọjá odò ní ọdún 1916. Ọ̀wọ̀n ìrántí kan wà níbẹ̀ fún Mungo Park àti Richard Lander. Wọ́n kọ orúkọ wọn sí i lára dáadáa. A kò rí ibi tí wọ́n kọ orúkọ àwọn Tápà tí wọ́n tu ọkọ̀ fún wọn.

Ní ti àbẹ̀wò wa gan-an, a kò kàn wọ ọkọ̀ lọ sí ìdí òkúta. A ti gbé obì, orógbó àti ọtí dání, ọ̀kan nínú wa sì ti ń mi ọ̀fun rẹ̀ láti júbà Ọya. Atukọ̀ tí a bá ní etí odò ni ó ní òun kò ní gbé wa lọ àfi tí a bá kọ́kọ́ rí bàbá kan nínú ilé àwọn Tápà tí ọ̀rọ̀ òkúta náà wà lọ́wọ́ wọn. A lọ. Bàbá náà gbọ́ Yorùbá bí ẹni tí a bí sí Ọjà Ọba. A kúnlẹ̀, a kí i. Ó ní kí a dìde, ó fún wa ní omi mu, ó sì bi wá ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ni ó rán yín? Kí ni ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ níbẹ̀? Kí ni ẹ fẹ́ gbé lọ?

Ìbéèrè kìíní rọrùn; ẹgbẹ́ ni ó rán wa. Nígbà tí ó kan èkejì, a fi obì hàn án, a ní Ọya ni a fẹ́ bọ. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀sín. Ó ní, "Ọya ni orúkọ omi lẹ́nu yín, a kò bá yín jà sí i. Ṣùgbọ́n òkúta kì í ṣe omi." Ó ní òkúta ní orúkọ tirẹ̀ àti àkókò tirẹ̀, ó sì ní àwọn ènìyàn tirẹ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ bọ Ọya lè dúró sí etí odò níbikíbi láti ibí dé Lọ́kọ́jà. A kò rí èsì fọ̀. Ojú ti ẹni tí ó ń mi ọ̀fun. Ẹni náà sì ni ó ń kọ èyí lórúkọ gbogbo wa.

Lẹ́yìn náà ni bàbá rí ọ̀pẹ̀lẹ̀ nínú àpò ọ̀kan nínú wa. Ó nawọ́ gbà á, ó tẹ́ ẹ sí ilẹ̀, ó wò ó, ó ní àwọn bàbá àwọn náà ní irú rẹ̀, eba ni wọ́n ń pè é, okùn tí wọ́n so nǹkan mọ́ ni, tí ó ń ṣí tí ó sì ń dé. Òótọ́ ni ó sọ. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ti kọ̀wé lórí ẹ̀sìn àwọn Tápà kọ ọ́ sílẹ̀, Siegfried Nadel tí ó gbé láàárín wọn ní nǹkan bí ọdún 1934 sì wà lára wọn. Èyí fún wa láyọ̀ ju òkúta lọ. A jókòó pẹ́.

Nígbà tí a padà sí Ìlọrin, a ṣí ìwé ìtàn wa láti wo ohun tí àwa fúnra wa ní lọ́wọ́ nípa Ọya àti Tápà. Ìwé tí Samuel Johnson parí kíkọ rẹ̀ ní ọdún 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ni a fi bẹ̀rẹ̀. Pásítọ̀ ni Johnson, ẹnu àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ ni ó sì ti gbọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí ó kọ. Ẹni tí ó bá kà á gbọ́dọ̀ rántí méjèèjì. Ó kọ ọ́ pé ọmọbìnrin Elémpe, ọba Tápà, ni ìyá Ṣàngó. Ó ní nígbà tí nǹkan bàjẹ́ fún Ṣàngó, ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀ ni ó mú pọ̀n, Ọya sì bá a lọ. Níbo ni ó wá ní Ọya dúró sí? Kì í ṣe Jẹ́bà. Ìrá ni, ìlú rẹ̀. Ìrá wà ní gúúsù wa níbí, ní ìhà Ọ̀fà, nínú Ìpínlẹ̀ Kwara kan náà. Àwọn olórìṣà tí ó ń ki Ọya mọ Ìrá dáadáa; orúkọ ìlú náà kò kúrò lẹ́nu wọn. Odò ń jẹ́ orúkọ Ọya, òótọ́ ni. Àmọ́ ilé Ọya tí ìtàn wa mọ̀, Ìrá ni, àwa tí a ń wá owó ọkọ̀ dé Jẹ́bà kò sì tíì kó ara wa lọ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan rí.

Ohun mìíràn wà nínú Johnson tí ó kan ilé Ifá tààrà, a kò sì mọ ìdí tí a kì í fi í sọ ọ́ níbi ọdún wa. Ó ní ní ìgbà Aláàfin Onígbogí, ìyá ọba, Arugbá, tí ó wá láti Ọ̀tà, gbé Ifá wá sí Ọ̀yọ́ pé kí wọ́n máa bọ ọ́. Àwọn Ọ̀yọ́ kọ̀. Wọ́n ní báwo ni àwọn ṣe máa bọ ekùrọ́. Ìyá náà fi ẹkún kúrò, ó dé Adó, ìlú orí àpáta, Aládó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì gba Ifá lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí Tápà fi ṣígun wá, wọ́n fọ́ Ọ̀yọ́, Onígbogí sì sá lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá. Nígbà tí wọ́n wà ní ìgbèkùn ni ojú wọn là. Wọ́n ránṣẹ́ sí Aládó, òun ni ó sì wá fi Ifá han àwọn tí wọ́n ti kọ̀ ọ́. Ní àkókò ìgbèkùn kan náà ni Johnson fi ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ egúngún sí láàárín àwọn Ọ̀yọ́, ó sì ní ilẹ̀ Tápà ni ó ti wá.

Ìtàn bí Ifá ṣe wọ ààfin Ọ̀yọ́ ni èyí. Kì í ṣe ìtàn Ifá láti ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ Ifẹ̀ kan kò sì ní gbà pé Ọ̀tà ni a ti ń wá Ifá. Bí ó ti wù kí ó rí, ohun tí àwọn arọ́kin fẹ́ kí á gbọ́ kò fara sin. Àwọn Tápà tí wọ́n fọ́ Ọ̀yọ́ náà ni wọ́n bí ìyá Ṣàngó, ọ̀dọ̀ wọn náà ni egúngún ti wá, ogun wọn náà ni ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún Ifá. Ẹni tí ó bá sọ pé odò ni ó pín wa níyà kò tíì ka ìtàn. Àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ Haúsá ń gba Ràbà kọjá odò wá sí Ìlọrin pẹ̀lú káún àti ẹṣin, wọ́n sì ń ru obì padà. Ojú ọ̀nà ni odò náà.

Ẹ̀rí tí ó ju ti ẹnu lọ wà ní Tada, abúlé Tápà kan ní etí odò kan náà, nísàlẹ̀ Jẹ́bà, nínú Ìpínlẹ̀ Kwara. Ère mẹ́sàn-án ni àwọn onímọ̀ kà ní àdúgbò náà, méje ní Tada, méjì ní erékùṣù Jẹ́bà. Àwọn Tápà sọ pé Tsoede, ọba tí ó dá ìjọba wọn sílẹ̀, ni ó kó wọn wá láti Ìdá nígbà tí ó ń sá bọ̀ nínú ọkọ̀ idẹ. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọkùnrin tí ó jókòó, bàbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àdàlù ni wọ́n fi rọ ọ́, gíga rẹ̀ kò ju 54 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí àwọn orí idẹ Ifẹ̀ rí yóò mọ ọwọ́ tí ó ṣe é. Nígbà tí wọ́n yẹ amọ̀ inú rẹ̀ wò, ó fi hàn pé nǹkan bí ọdún 1325 ni wọ́n rọ ọ́, ó sì lè fi 60 ọdún dín tàbí kí ó fi 60 ọdún lé. Àwọn onímọ̀ gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ Ifẹ̀ ni. Bí ó ṣe dé etí Odò Ọya kò sí nínú ìwé kankan.

Kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Èkó, ọjọ́ Ẹtì ni àwọn ará Tada ń gbé e lọ sí odò, wọ́n ń fi yanrìn fọ̀ ọ́, kí obìnrin lè bímọ, kí ẹja sì pọ̀. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n fọ̀ ọ́ débi pé ojú rẹ̀ ń dán, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti gé. Òyìnbó kan lè pe ìyẹn ní ìbàjẹ́. Lójú tiwa, ọwọ́ àwọn tí wọ́n ń fọ̀ ọ́ ni ó pa á mọ́ dé ọ̀rúndún ogún. Láti ìgbà tí àwọn alájà ère ti mọ iye tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń pa lókè òkun, olè ti gbé nínú àwọn mẹ́sàn-án náà lọ. Ketsa ṣì wà níbẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè gbé e.

Àmọ́ omi tí ó yí i ká kì í ṣe ti àtijọ́ mọ́. Wọ́n parí ìsédò Kainji ní ọdún 1968, adágún rẹ̀ sì bo Bùsà àtijọ́ mọ́lẹ̀, pẹ̀lú àwọn òkúta tí Mungo Park kú sí láàárín wọn ní ọdún 1806. Ìsédò ti Jẹ́bà tẹ̀ lé e ní ọdún 1985. Iná mànàmáná tí a fi ń lo ẹ̀rọ gbohùngbohùn yìí, ara ibẹ̀ ni ó ti ń wá, nígbà tí ó bá wá. Bàbá sọ fún wa pé nígbà èwe òun, àwọn ń fi ọ̀dá àti òjò mọ ìgbà tí omi yóò kún tí yóò sì fà. Nísinsìnyí, ọwọ́ àwọn tí ń ṣí ilẹ̀kùn ìsédò ni ó wà. Ó ní àwọn ọmọ òun kò lè wo òkúta náà kí wọ́n sì sọ oṣù tí a wà mọ́, bí bàbá òun ṣe máa ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni ó sọ ọ́, kò sunkún, kò sì bú ẹnikẹ́ni.

Àbá tí àwa mẹ́rin fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni pé kí ẹgbẹ́ má ṣe pe òkúta yẹn ní Òkúta Ọya nínú ìwé, lórí aṣọ, tàbí lórí pátákó kankan. Kí a pè é ní Ketsa. Bí a bá fẹ́ lọ sí Jẹ́bà, kí a lọ gẹ́gẹ́ bí àlejò, kí a ránṣẹ́ ṣáájú, kí a jókòó ti àwọn àgbà Tápà, kí a bi wọ́n nípa eba nígbà tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè. Ìrá ni kí a lọ bọ Ọya, bí àwọn ará Ìrá bá gbà wá. A mọ̀ pé àbá yìí kò ní dùn mọ́ ọ̀dọ́ tí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an. Bí kò bá sọ̀rọ̀, a kì bá tí lọ.

Bàbá jẹ́ kí atukọ̀ gbé wa yí òkúta náà ká ní ìrọ̀lẹ́. A kò sọ̀kalẹ̀. A gbé obì wa padà wálé bí a ṣe gbé e lọ, ṣùgbọ́n a fi ọtí sílẹ̀ fún bàbá, nítorí ó ní ti orí òun ni ìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e ni a lọ sí agboolé tí òkúta ìlọ irin wà ní ìlú yìí. Àwa mẹ́ta nínú mẹ́rin ni a kò tíì débẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ sì ni Ìlọrin ni wọ́n bí méjì nínú wa sí. Ìyá àgbà kan jáde sí wa lójúde, ó bèèrè pé ta ni ó rán wa. A dárúkọ ẹgbẹ́, a dárúkọ olórí wa, a sì sọ fún un pé a kò mú nǹkan kan wá, a kò sì fẹ́ gbé nǹkan kan lọ. Ó ní kí a bọ́ bàtà kí a wọlé.